Bí Iná Bá Jó Ilé Tí A Yá Gbé, Ta Ni Yóò Tún Un Kọ́?

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe irú èyí tí ẹ máa ń gbọ́ níbi wáàsí. Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ni, ọ̀rọ̀ iná ni, ọ̀rọ̀ owó sì ni. Ṣùgbọ́n kí a tó parí rẹ̀, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni pẹ̀lú.

Ní àsìkò ọyẹ́ ọdún 1998, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé kéwú kan nínú ìlú Ìlọrin, iná sọ ní ilé kan tí kò jìnnà sí wa. Ilé oníyàrá mẹ́jọ ni, irú èyí tí yàrá dojú kọ yàrá, tí gbogbo èrò inú rẹ̀ ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo jáde. Ayálégbé ló kún ibẹ̀. Bàbá tí ó ni ín ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, owó tí wọ́n san fún un nígbà tí ó fẹ̀yìn tì ni ó fi kọ́ ọ. Obìnrin opó kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aṣọ rírán, tan sítóòfù kẹrosíìnì sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó gbé ìkòkò ẹ̀wà ká a, ó sì jáde lọ pọn omi. Èrò pọ̀ nídìí omi lọ́jọ́ náà. Kí ó tó padà dé, kọ́tìnì ti gbiná, àjà náà ti gbiná. Yàrá mẹ́ta ló jó: tirẹ̀, ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà, àti ti bàbá àgbàlagbà kan tí ń rán fìlà tà. Ẹ̀mí kankan kò bọ́, Alhamdulillahi.

Lẹ́yìn ìrun Ìsáì ọjọ́ kejì, gbogbo wọn kó ara wọn wá sí ilé kéwú wa. Onílé ní kí obìnrin náà san owó àtúnṣe. Obìnrin náà ń sunkún, ó ní iṣẹ́ Ọlọ́hun ni, ó ní òun alára pàdánù ẹ̀rọ ìránṣọ òun, kò sì sí ohun tí òun yóò fi bọ́ àwọn ọmọ òun. Àwọn àgbà àdúgbò yíjú sí wa pé kí Áfáà dá sí i. Àwa náà la ẹnu, a ní kádàrá ni. A ní kí onílé ṣe sùúrù, kí obìnrin náà tọrọ àforíjì, kí àwọn méjì yòókù gba kámú. A ṣe àdúà, wọ́n ṣe àmín, oníkálukú sì lọ sílé. Ó dà lójú wa bí ẹni pé a ti parí ìjà.

A kò parí nǹkan kan. Onílé kò rówó ṣe àtúnṣe. Yàrá mẹ́ta náà wà bẹ́ẹ̀ láìní òrùlé, òjò ọdún 1999 rọ̀ lé wọn lórí, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í wó, àwọn tí ó wà nínú yàrá márùn-ún yòókù sì kó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin aránṣọ padà sí abúlé àwọn òbí rẹ̀. Bàbá aránfìlà lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọkọ ọmọ rẹ̀, èyí tí kò wù ú rárá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéwú wa, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ, wá bi wá léèrè pé, “Áfáà, bí ó bá jẹ́ pé kádàrá ló jó ilé yẹn, ṣé kádàrá náà ni yóò tún un kọ́?” A jágbe mọ́ ọn pé kí ó má ṣe máa fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò ṣe àwàdà, àwa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè rẹ̀ kò ti kúrò lọ́kàn wa. Èsì rẹ̀ ni a fẹ́ gbìyànjú láti fún un báyìí, bí ó tilẹ̀ pẹ́.

KÁDÀRÁ KÒ SỌ ẸRÙ KALẸ̀ LÓRÍ ẸNI

Kò sí Mùsùlùmí tí yóò jiyàn pé ohun gbogbo ń bẹ nínú ìmọ̀ àti àṣẹ Ọlọ́hun. Ohun tí à ń béèrè ni pé, ṣé ìgbàgbọ́ yìí mú ẹrù kúrò lórí ẹni tí ó ṣe àìbìkítà? Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣe nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú ayé rẹ̀. Abu Musa al-Ash'ari, ọ̀kan nínú àwọn sàábé, gbà á wá fún wa, Bukhari àti Muslim sì kó o sínú ìwé wọn, pé ilé kan jó ní Mẹ̀dínà lóru mọ́ àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún Ànábì, ohun tí ó sọ ni pé ọ̀tá ni iná jẹ́ fún wa, ó sì pàṣẹ pé kí a máa pa á kí a tó lọ sùn. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tí ó mọ kádàrá jù wá lọ ni ó sọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ ọwọ́ ènìyàn ni ó tọ́ka sí. Kò ní kí a jókòó kí a máa retí ohun tí a ti kọ sílẹ̀. Ó ní kí a dìde pa iná.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ó bi í bóyá kí òun so ràkúnmí òun mọ́lẹ̀ ni tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun. Èsì tí ó gbà ni pé kí ó so ó, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun. Tirmidhi ni ó gba èyí wá. Ẹni tí kò so ràkúnmí rẹ̀, tí ó wá ń sọ̀rọ̀ ìgbáralé, ọ̀lẹ ni, ó kàn fi aṣọ ẹ̀sìn bo ara ni.

Nínú Muwatta ti Imam Malik, a kà nípa abo ràkúnmí sàábé kan tí ó wọ ọgbà ọlọ́gbà, tí ó sì ba nǹkan jẹ́. Ìdájọ́ tí Ànábì ṣe ni pé ní ọ̀sán, olóko ni yóò máa ṣọ́ oko rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹran bá bàjẹ́ ní òru, ọrùn ẹni tí ó ni ẹran ni yóò wà. Ẹran kò ní làákàyè, kò sì sí ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Síbẹ̀ a bi olówó rẹ̀ léèrè, nítorí òun ni ó yẹ kí ó dè é mọ́lẹ̀ lóru. Àwọn onímọ̀ ọ̀nà Imam Malik, tí àwa ará Ìlọrin ń tọ̀, tún sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ó fi iná sí oko rẹ̀ tí iná sì ré kọjá sí oko ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé oko náà jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ọkàn ènìyàn balẹ̀, tí atẹ́gùn òjijì wá gbé iná lọ, kò ní san nǹkan. Bí ó bá súnmọ́ tòsí tí ó yẹ kí ó ti fura, yóò san. Iná kan náà ni, kádàrá kan náà ni. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí ènìyàn ti lo làákàyè rẹ̀.

Ní ti ayálégbé, ohun tí ìwé fíkíhì sọ ni pé àmáánà ni ilé jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ilé bá bàjẹ́ láìṣe pé ó ré àdéhùn kọjá, láìṣe pé ó ṣe àìbìkítà, kò sí gbèsè lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá ré àdéhùn kọjá, tàbí tí ó ṣe àìbìkítà, ó di dandan kí ó san án. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí díwọ̀n ọ̀ràn tiwa. Bí ó bá jẹ́ wáyà inú ògiri tí ó ti gbó ni ó tàn iná nígbà tí iná mànàmáná dé lójijì, ọ̀rọ̀ onílé ni. Bí ó bá jẹ́ ayálégbé ni ó fa wáyà tirẹ̀ síta tí ó so mẹ́ta mọ́ ojú kan, ọ̀rọ̀ ayálégbé ni. Ẹni tí ó gbé ìkòkò ká iná tí ó sì jáde nílé, àìbìkítà ni ó ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ opó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àánú rẹ̀ ṣe wá.

Nítorí náà a ṣe àṣìṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn. A mú ohun tí í ṣe ẹ̀tọ́ onílé, a fi ta á lọ́rẹ láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àforíjì dára, ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó lè forí jini. Áfáà kò lè bá a forí jì.

Ṣùgbọ́n kí onílé má tíì yọ̀. Ta ni ó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ láìsí ilé ìdáná? Ta ni ó fi ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo sílẹ̀ fún agbo ènìyàn tó bẹ́ẹ̀? Ẹnu ọ̀nà ni obìnrin yẹn ti ń dáná nítorí kò sí ibòmíràn tí ó lè dá a sí. Onílé mọ̀, ó rí i lójoojúmọ́, ó sì ń gba owó ilé rẹ̀. Òun náà ní ìpín tirẹ̀ nínú àìbìkítà náà. Èyí ni a kò rò nígbà náà.

ILÉ KÁNSÙ NÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Àwọn ọmọ wa pọ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, pàápàá ní agbègbè Peckham àti Camberwell lábẹ́ kánsù Southwark. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gbé ilé kánsù, èyí tí í ṣe ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́, tí ó fi ń yáni gbé ní owó tí kò ga jù. Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti pín ẹrù iná níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà jọ tiwa ju bí a ti rò lọ.

Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé kánsù ni ó ń bójú tó ara ilé: ògiri, òrùlé, àjà, àti àwọn wáyà inú ògiri. Ṣùgbọ́n ẹrù inú ilé, bí ibùsùn, aṣọ, tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti ìwé ọmọ, ti ayálégbé ni. Bí iná bá jó wọn, adójútòfò tí kánsù san kò kàn wọ́n. Ayálégbé ni yóò gba adójútòfò tirẹ̀ lórí ẹrù rẹ̀. Àwọn kánsù kan tilẹ̀ ṣètò rẹ̀ tí ènìyàn lè máa san díẹ̀díẹ̀ pọ̀ mọ́ owó ilé. Síbẹ̀, ẹlòmíràn lè gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún kí ó máa rò pé nígbà tí kánsù ti ni ilé, kánsù ni yóò rà á ní gbogbo nǹkan padà. Ọjọ́ tí iná bá jó ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Ní ọjọ́ 3, oṣù keje, ọdún 2009, iná jó ní ilé gíga kan tí wọ́n ń pè ní Lakanal House ní Camberwell, ilé kánsù Southwark. Tẹlifíṣọ̀n ni ó dá iná sílẹ̀. Ènìyàn mẹ́fà kú, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ní ọdún 2017, kánsù náà gbà nílé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi àìṣe ètò ààbò iná bí ó ti yẹ, wọ́n sì bu owó ìtanràn £270,000 lé e.

Ní ọdún 2017 yìí kan náà, ní ọjọ́ 14, oṣù kẹfà, nínú oṣù Rámàdáánì, iná ńlá jó ilé Grenfell Tower ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ilé kánsù ni òun náà, alájà mẹ́rìnlélógún. Fíríìjì kan nínú ilé ìdáná ní àjà kẹrin ni ó gbiná ní nǹkan bí aago kan òru. Ènìyàn 72 ni ó kú, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn Mùsùlùmí kan tí kò tíì sùn nítorí sààrì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rí iná, tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò kí wọ́n lè jí. Ẹni tí ó ni fíríìjì yẹn ni ó pe àwọn panápaná fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí tí adájọ́ Martin Moore-Bick darí ṣe iṣẹ́ wọn, wọ́n sọ pé kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn ọkùnrin náà. Ohun tí ó jẹ́ kí iná gba gbogbo ilé ni ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi bo ara ilé lẹ́yìn, tí ọ̀rá inú rẹ̀ ń jó bí epo. Ìròyìn ìkẹyìn tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 4, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024, sọ pé gbogbo ikú náà ni a bá lè yẹra fún. Ó sì dá ìjọba, kánsù, àwọn tí ó ṣe ohun ọ̀ṣọ́ náà àti àwọn tí ó kàn án mọ́ ilé lẹ́bi.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé kì í ṣe ẹni tí iná ti ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ ni ó máa ń jẹ̀bi nígbà gbogbo. Ẹni tí ó kọ́ ilé ní ẹrù tirẹ̀, ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ ní tirẹ̀. Bí a bá di gbogbo rẹ̀ ru ayálégbé, a ṣe àbòsí. Bí a bá sì di gbogbo rẹ̀ ru kádàrá, a ti ṣe ohun tí ó burú ju àbòsí lọ, nítorí a ti purọ́ mọ́ Ọlọ́hun.

NÍLÉ WA NÍBÍ ŃKỌ́?

Ní Nàìjíríà, òfin adójútòfò ti ọdún 2003 sọ ọ́ di dandan, ní abala 65, pé kí a gba adójútòfò lórí ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò, nítorí iná, ìwólulẹ̀, ìjì àti omíyalé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé òfin náà ka ilé tí ayálégbé ń gbé mọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin 2003 náà, ẹni tí ó bá rú u lè san ìtanràn ₦100,000 tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì. Ní ọdún 2025, òfin tuntun rọ́pò ti 2003, ọ̀kan nínú ohun tí ó sì tẹnu mọ́ ni pé kí a mú àwọn adójútòfò tí ó jẹ́ dandan ní òkúnkúndùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè. Nínú àwọn ilé tí ìjọba kọ́ sí Adéwọlé àti Kúlẹ́ńdé, nínú àwọn ilé oníyàrá púpọ̀ ní Òkèlele, Gàmbàrí àti Tánkẹ̀, onílé mélòó ni ó ní ìwé adójútòfò? Ayálégbé mélòó ni ó ti bi onílé léèrè rí? Ìwé àdéhùn tí à ń tọwọ́ bọ̀ máa ń sọ̀rọ̀ owó ilé, owó lọ́yà àti ọjọ́ tí a ó kó jáde. Kò sí ìlà kan nínú rẹ̀ lórí iná.

BÍ ILÉ ỌBA BÁ JÓ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀. Kí ló dé tí ẹwà fi ń bù sí ilé ọba? Nítorí pé gbogbo ìlú ni ó ń tún un kọ́. Adúgbò yìí á gbé igi wá, tọ̀hún á gbé amọ̀, oníṣẹ́ ọnà á gbé ọnà wá. Bí ilé tálákà bá jó, kò sí ẹwà tí ó ń bù sí i, eérú ni. Kì í ṣe pé iná fẹ́ràn ọba ju tálákà lọ. Ọba ní ènìyàn lẹ́yìn ni, tálákà kò ní.

Àwọn baba wa nínú agbo ilé Ìlọrin mọ èyí. Nígbà tí koríko bo òrùlé, bí ilé ẹnì kan bá jó, ọ̀wẹ̀ ni wọn yóò fi tún un kọ́. Oníkálukú mọ̀ pé ó lè kan òun lọ́la. Sàríà pàápàá ní irú ètò yìí. Bí ènìyàn bá ṣèèṣì pa ẹni, àwọn ìbátan rẹ̀ ni yóò para pọ̀ san owó ẹ̀mí, tí í ṣe ọgọ́rùn-ún ràkúnmí, nítorí ẹrù náà ju ohun tí ẹnì kan lè gbé lọ. Lóòótọ́ orí ẹ̀mí ni òfin yìí wà, kò sí lórí dúkìá, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ hàn kedere. Abu Musa al-Ash'ari kan náà tí ó ròyìn ilé Mẹ̀dínà fún wa ni ó tún gba ọ̀rọ̀ yìí wá: Ànábì yin àwọn ẹ̀yà Ash'ari nítorí pé, bí oúnjẹ wọn bá ń tán lójú ogun tàbí nílé, wọn a kó gbogbo ohun tí ó kù jọ sínú aṣọ kan, wọn a sì pín in lọ́gbọọgba. Ó ní ara òun ni wọ́n, òun náà sì jẹ́ ara wọn.

Nítorí náà, èsì ìdajì ni ìdájọ́ jẹ́ fún ìbéèrè ọmọ kéwú wa. Ká ní a dá obìnrin aránṣọ yẹn lẹ́bi bí ó ti tọ́, ibo ni ì bá ti rí owó? Ẹ̀bi kò kan bíríkì. Ìdájọ́ òdodo yóò sọ ẹni tí ó jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ nìkan ni ó lè tún ilé kọ́. Ọjọ́ tí a bá sì fẹ́ ko ọwọ́ jọ, ọjọ́ tí iná kò tíì jó ni.

ṢÉ ADÓJÚTÒFÒ KÒ LÒDÌ SÍ Ẹ̀SÌN?

Ìbéèrè yìí ni àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń bi wá jù, ó sì tọ́ kí wọ́n béèrè. Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ibn Abidin ti Damásíkù kọ̀wé lórí adójútòfò ọkọ̀ ojú omi, kò sì gbà á láyè. Sheikh Mustafa al-Zarqa, tí í ṣe ará Síríà, rí i ní ọ̀nà mìíràn, ó ní kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1985, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì àgbáyé tí ó wà ní Jẹ́dà pinnu pé adójútòfò ti oníṣòwò, tí à ń san iye kan pàtó láti ra ohun tí a kò mọ̀ bóyá yóò dé, ní ìrújú púpọ̀ nínú, kò sì tọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní èyí tí àwọn ènìyàn para pọ̀ dá lórí ìtọrẹ àti ìrànlọ́wọ́ ara wọn, ó tọ́.

Èyí kejì yìí ni à ń pè ní tàkáfúlì. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Àwọn ènìyàn púpọ̀ ń dá owó sínú àpò kan, wọ́n sì dá a ní ìpinnu ìtọrẹ, pé ẹni tí òfò bá ṣe nínú wa, kí a mú nínú rẹ̀ fún un. Iléeṣẹ́ tí ń bójú tó o kì í ṣe onílé owó náà, aṣojú ni, ó ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ fi owó náà ṣòwò èlé tàbí òwò ọtí. Bí ó bá ṣẹ́kù lópin ọdún, ti àwọn tí ó dá a ni. Ẹni tí ó bá mọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò ní ṣàìmọ èyí. Ní Sùdáánì ni iléeṣẹ́ irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1979, Màléṣíà ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 1984. Ní Nàìjíríà, àjọ NAICOM gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 2013, wọ́n sì fún iléeṣẹ́ Noor Takaful àti Jaiz Takaful ní ìwé àṣẹ ní ọdún 2016. Ẹni tí ó ń sọ pé òun kò gba adójútòfò nítorí ẹ̀sìn, ọ̀nà wà fún un báyìí. Bí kò bá tọ̀ ọ́, kí ó wádìí ọkàn rẹ̀ wò bóyá ẹ̀sìn ni tàbí ahun.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ LÁTI ṢE

Èkíní, kí onílé tún wáyà ilé rẹ̀ ṣe, kí ó pèsè ibi ìdáná, kí ó má sì fi irin dí gbogbo fèrèsé pa nítorí olè, kí iná má baà sé ènìyàn mọ́lé. Kí ó gba adójútòfò lórí ara ilé. Èkejì, kí ayálégbé má fi iná sílẹ̀ láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ, kí ó gbé sìlíńdà gáàsì síta, kí ó sì dá tàkáfúlì lórí ẹrù rẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Ẹ̀kẹta, kí ìwé àdéhùn ní ìlà kan tí ó sọ kedere ẹni tí yóò bójú tó kí ni, kí ó sì hàn níbẹ̀ bóyá adójútòfò onílé lè padà wá gba owó lọ́wọ́ ayálégbé. Ó ṣe é ṣe kí iléeṣẹ́ adójútòfò san owó fún onílé tán kí ó wá dojú ẹjọ́ kọ ẹni tí ó ṣe àìbìkítà. Ẹ̀kẹrin, kí mọ́sáláṣí kọ̀ọ̀kan ní àpò kékeré kan fún òfò iná, kí a máa fi nǹkan sí i ní ọjọ́ Jímọ̀, fún àwọn tí agbára wọn kò tó láti dá tiwọn.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a lọ kí bàbá onílé yẹn. Ó ti darúgbó gan-an. Apá tí ó jó lára ilé náà, ọmọ rẹ̀ ni ó wó o, ó sì fi dá ṣọ́ọ̀bù méjì. A sọ fún un pé a wá tọrọ àforíjì lórí ìdájọ́ tí a ṣe lọ́jọ́sí, pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni a fi ọwọ́ ara wa fi tọrẹ. Ó wò wá fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Áfáà, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ tiná bọ̀ ọ́.” Lẹ́yìn náà ó bi wá bóyá a mọ ibi tí obìnrin aránṣọ yẹn wà. A ní a kò mọ̀. Ó ní òun náà kò mọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dun òun pé òun gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin láìkọ́ ilé ìdáná fún un.

Kí Ọlọ́hun Ọba má fi iná ayé tàbí ti ọ̀run kàn wá. Kí ó fún wa ní làákàyè tí a ó fi pa iná kí a tó sùn, kí ó sì fi ìfẹ́ sáàárín wa tí a ó fi jọ tún ilé ara wa kọ́. Àmín.